Monpazier, Ìlú Tí Ọjà Bí

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ yín kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀, mo kí gbogbo yín kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò sí ìgbèríko gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ìgbèríko ọ̀hún fẹ̀, àwọn ìlú ọjà àtijọ́ tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè kà tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mú nínú wọn. Monpazier ni wọ́n ń pè é. Ẹkùn Dordogne ló wà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, lórí òkè kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítòsí ibi tí odò Dropt ti sun jáde. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 500 lọ. Rélùwéè kò dé ibẹ̀.

Ohun tó mú mi yàn án ni pé níbi púpọ̀, ìlú ló máa ń ṣáájú ọjà. Àwọn èèyàn á tẹ̀dó, wọ́n á bí sí i, wọ́n á rẹ̀ sí i, ìgbà tó bá yá ni wọn yóò wá rí i pé ó yẹ kí àwọn ní ibi tí àwọn yóò ti máa ná ọjà. Ní Monpazier, ọjà ti wà nínú ètò kí ilé kankan tó dìde. Odi ìlú, òpópónà, ilé àwọn ará ìlú, gbogbo rẹ̀ ló yí ọjà ká. Nítorí náà, ojú oníṣòwò ni kí ẹni tó bá dé ibẹ̀ fi wò ó. Ẹni tó bá fi ojú arìnrìn-àjò lásán wò ó, òkúta tó dára ni yóò rí, yóò ya fọ́tò, yóò sì padà sílé láìmọ ìdí tí òkúta náà fi dúró bó ṣe dúró.

Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá ìlú Faransé yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Eleanor, tó jogún gbogbo ilẹ̀ Aquitaine lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, fẹ́ Henry Plantagenet ní 1152. Ní 1154, Henry gorí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ilẹ̀ bàbá ìyàwó ṣe bọ́ sábẹ́ adé ọkọ nìyẹn, tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì fi di olórí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé fún nǹkan bí 300 ọdún, títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun wọn ní Castillon ní 1453. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọba Faransé gbà pé bí ọba Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ jẹ́ ọba nílé rẹ̀, abẹ́ òun ló wà tí ó bá ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Aquitaine. Ọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí. Ààlà kò dúró sójú kan: ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹni yìí lónìí lè di ti ẹni kejì lọ́la.

Ta ló fẹ́ máa sanwó ọmọ ogun lọ́dọọdún kí wọ́n lè máa ṣọ́ igbó? Ohun tó mọ́gbọ́n wá jù ni pé kí o kó èèyàn lọ síbẹ̀, kí wọ́n máa dáko, kí wọ́n máa tajà, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ. Ilẹ̀ tí èèyàn rẹ wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ rẹ ni. Àwọn ìlú tuntun tí wọ́n fi irú ọgbọ́n yìí dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bastide. Ó lé ní 300 irú wọn tó dìde ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé láàárín nǹkan bí 150 ọdún. Àwọn ìjòyè dá tiwọn, àwọn àlùfáà náà dá tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ọba ló mú un lọ́kùn-únkúndùn jù. Alphonse de Poitiers, àbúrò ọba Louis Kẹsàn-án ti Faransé, dá Villefranche-du-Périgord sílẹ̀ ní 1261, ó sì dá Eymet sílẹ̀ ní 1270. Àwọn ará ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò káwọ́ lẹ́rán. Beaumont dìde ní 1272. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní 1284, ó kan Monpazier. Orúkọ ọba Edward Kìn-ín-ní ni wọ́n fi dá a. Jean de Grailly, aṣojú ọba ní ilẹ̀ náà, ló bójú tó iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọba kò dá ilẹ̀ ní. Pierre de Gontaut, olóyè tó ni ilé olódi Biron, ló ni ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn ní 1285: ìjòyè mú ilẹ̀ wá, ọba mú agbára àti orúkọ wá, wọ́n sì jọ ń pín ohun tí ìlú bá mú wọlé. Irú àdéhùn yìí wọ́pọ̀ nínú ìtàn àwọn bastide. Mo fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ló jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń wá. Owó ni wọ́n ń wá, ibi tí owó sì ti máa jáde ni gbàgede ọjà.

Báwo ni wọ́n ṣe rí èèyàn? Ní ayé ìgbà náà, àgbẹ̀ púpọ̀ wà tí kò lè kúrò lórí ilẹ̀ olówó rẹ̀ láìgba àyè, tí kò lè fẹ́ ìyàwó, tí kò lè fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ láìkọ́kọ́ sanwó. Ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà dá bastide sílẹ̀ ni pé wọn yóò ri òpó igi kan mọ́lẹ̀ ní ibi tí ìlú yóò wà, àmì ọba tàbí ti ìjòyè yóò wà lára rẹ̀, wọn yóò wá rán akéde lọ sí àwọn abúlé tó wà láyìíká. Ẹni tó bá wá, wọn yóò fún un ní ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí, ilẹ̀ ọgbà, àti ilẹ̀ oko. Ó ní iye ìgbà tí ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi dìde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò san owó ìtanràn. Lẹ́yìn náà, ó di òmìnira. Ó lè ta ohun ìní rẹ̀, ó lè fọmọ fọ́kọ, ó lè lọ, ó lè bọ̀. Àwọn ará ìlú ní aṣojú tí wọ́n ń pè ní consul, tó ń bá aṣojú ọba jókòó. Gbogbo èyí wà nínú ìwé àdéhùn ìlú, wọ́n sì máa ń kọ ọjọ́ ọjà sínú ìwé kan náà.

Mo ti ka ìtàn oríṣiríṣi ọba. Ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí ibi tí ọba ti ń fi òmìnira ra èèyàn báyìí, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àánú kọ́ ló ṣe é fún wọn o. Èrè ló wà níbẹ̀: owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, owó ìsọ̀, owó lórí ẹrù tó wọlé wá tà, owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá rẹ́ni jẹ. Bí ọjà bá kún, ọba jẹ, ìjòyè jẹ, ará ìlú náà jẹ. Bí ọjà bá tú, ebi pa gbogbo wọn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọjà sáàárín, tí gbogbo òpópónà fi ń já sí i.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ìlú báyìí. Monpazier gùn tó nǹkan bíi mítà 400, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 220. Ẹ lè rìn yí i ká kí oúnjẹ orí iná tó jinná. Àwọn òpópónà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, wọ́n ń gba ara wọn kọjá ní igun mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fún olúkúlùkù: nǹkan bíi mítà 8 níwájú, 20 lọ sẹ́yìn. Kò sí pé ẹni yìí lówó ju ẹni yẹn lọ. Ẹ̀yìn ilé ni ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń pè ní carreyrou gbà kọjá.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò dáadáa wà láàárín ilé méjì. Ilé wọn kò fara kan ara wọn. Àlàfo kan wà láàárín ògiri sí ògiri tí wọ́n ń pè ní androne, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 lọ. Àgbàlagbà kò lè fi àyà gbà á kọjá. Ó ní láti yí ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá yọjú sínú rẹ̀, òórùn òkúta tútù ni yóò kọ́kọ́ bá yín, ilẹ̀ rẹ̀ da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde, tí ẹ bá sì gbójú sókè, ìlà ojú ọ̀run kan ṣoṣo lẹ ó rí. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bí iná bá ṣẹ́ ní ilé kan, kò ní tètè ràn mọ́ èkejì, nítorí igi wà lára ilé ìgbà náà púpọ̀. Omi òrùlé ń gba ibẹ̀ lọ, ìdọ̀tí náà ń gba ibẹ̀ lọ. Ó tún dá ẹjọ́ ààlà dúró: kò sí pé ògiri yìí jẹ́ tèmi tàbí tìrẹ. Ó ti lé ní 700 ọdún tí ẹni tó yàwòrán ìlú yìí ti ro gbogbo ìyẹn, kí èèyàn kan ṣoṣo tó wá gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ọkọ̀ àkérò wá máa ń kọjá níwájú androne láìmọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ ó jáde sí gbàgede. Ó ní igun mẹ́rin, ilé sì yí i ká. Ìsàlẹ̀ àwọn ilé náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cornières, tí òkúta rẹ̀ tẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tí ilé òkè sì jókòó lé e lórí. Ẹni tó ni ilé ní àyè lókè, ọ̀nà ìsàlẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Òjò ń rọ̀, oòrùn ń mú, ọjà ń lọ níbẹ̀. Ìrísí ojú àwọn ilé náà kò bá ara wọn mu mọ́, nítorí àwọn ọmọ tó jogún wọn ń tún wọn ṣe láti ìran dé ìran. Òmíràn ní ẹnu ọ̀nà tó ṣe ṣóńṣó, òmíràn ní èyí tó ṣe róbótó. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ìlà tí wọ́n fi okùn fà ní ọ̀rúndún kẹtàlá ṣì wà lábẹ́ gbogbo àtúnṣe náà.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan gbàgede ni àtíbàbà ọjà wà, halle ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n kọ́ ọ. Igi châtaignier ni wọ́n fi ṣe é, igi tí kòkòrò kì í tètè jẹ, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń jẹ èso rẹ̀ ní yíyan nígbà òtútù. Ẹ gbójú sókè wo bí wọ́n ṣe fi igi bọ inú igi. Lẹ́yìn náà ẹ wá wo òṣùwọ̀n ọkà àtijọ́ mẹ́ta tó wà lábẹ́ àtíbàbà náà. Ní tèmi, òun ni ọkàn ìlú yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra gàrí rí nílé mọ ìjà kóńgò. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, òmíràn wà tí wọ́n rọ nǹkan sí nísàlẹ̀. Oníbàárà á ní kò kún, ìyá ọlọ́jà á ní kó máa lọ ibi tó ti kún. Ní Faransé ayé àtijọ́, ìjà náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òṣùwọ̀n ìlú kan kò bá ti ìlú kejì mu. Orúkọ lè jẹ́ ọ̀kan, kí ohun tó gbà má jẹ́ ọ̀kan, títí di 1795 tí ìjọba Ìyípadà ńlá wọn, èyí tó lé ọba kúrò lórí oyè, fi òfin mítà, lítà àti kílò lélẹ̀. Ohun tí ìlú ọjà bíi Monpazier ṣe ni pé ó gbé òṣùwọ̀n sí gbangba. Àgbẹ̀ da ọkà rẹ̀ sínú rẹ̀ lójú ẹni tó ń rà, lójú ará ìlú, lójú ẹni tí yóò gba owó orí. Kò sí pé mo wọ̀n ọ́n nílé. Wọn yóò fi igi ra ojú rẹ̀ kó tẹ́, iye tó bá wà níbẹ̀ ni iye náà. Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò mọ ẹnì kankan, lè fi ọkàn balẹ̀ ra ọkà. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni ìlú ń tà ju ọkà lọ, òun ló sì mú kí àlejò tún padà wá.

Àmọ́ n kò ní fẹ́ kí ẹ rò pé ìlú yìí jẹ́ ibi àlàáfíà láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1337, ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ó tún bọ́ padà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ogun Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì dé. Geoffroy de Vivans, balógun Pùròtẹ́sítáǹtì, gba Monpazier ní 1574. Ìtàn kan wà nípa àkókò yẹn tí Sully, tó padà di òjíṣẹ́ àgbà fún ọba Henri Kẹrin, kọ sílẹ̀. Ó ní àwọn ará Villefranche-du-Périgord gbìmọ̀ láti yọ́ lọ kó Monpazier lẹ́rù lóru. Àwọn ará Monpazier náà, láìmọ̀, ti gbìmọ̀ láti lọ kó Villefranche ní òru kan náà. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà, wọn kò sì pàdé ara wọn. Ẹgbẹ́ méjèèjì dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn kò bá ẹni tó lè jà, wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n rí, wọ́n yọ̀ bọ̀ wálé. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n rí i pé ilé tiwọn náà ti ṣófo. Wọ́n ní láti jókòó ṣe àdéhùn, kí oníkálùkù kó ẹrù padà fún ẹni tó ni ín. Mo gbádùn ìtàn yìí gan-an, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣòwò, bí ogun tilẹ̀ gbà á lọ́kàn, yóò padà rántí bí wọ́n ṣe ń ṣírò gbèsè.

Ìtàn kejì kò ní ẹ̀rín nínú. Faransé ń bá Sípéènì jagun láti 1635, ọba Louis Kẹtàlá àti òjíṣẹ́ rẹ̀ Richelieu sì ń wá owó ogun. Owó orí ga, ó tún ga. Ní 1637, àwọn àgbẹ̀ Périgord dìde. Croquants ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n gba ìlú Bergerac nínú oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà, àwọn ọmọ ogun ọba pa wọ́n ní ìpakúpa ní La Sauvetat, létí odò Dropt kan náà tó sun nítòsí Monpazier. Àwọn tó kù sá wọ igbó. Ahunṣọ kan láti Capdrot, abúlé tó múlé gbe Monpazier, ń bá ìjà náà lọ. Buffarot lorúkọ rẹ̀. Wọ́n mú un. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n gbé e wá sí gbàgede ọjà Monpazier, wọ́n dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ igi, wọ́n sì fọ́ egungun rẹ̀ láàyè títí ó fi kú.

Ẹ rò ó wò. Ìlú tí wọ́n fi òmìnira pe àgbẹ̀ wá sí ní 1284 ni wọ́n ti fọ́ egungun ẹni tó ṣáájú àwọn àgbẹ̀ ní 1637. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkà ní gbangba kí wọ́n má baà rẹ́ni jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa ẹni tó ní wọ́n ti gba ọkà lọ́wọ́ àwọn jù. Ó dá mi lójú pé ìdí tí wọ́n fi yan ọjà ni pé ọjà ni àwọn àgbẹ̀ máa ń wá, ibẹ̀ ni ojú wọn yóò ti tó o. Mo dúró ní gbàgede yẹn lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọmọdé ń sáré kiri láàárín ìsọ̀, ẹnì kan ń ta oyin, n kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ Buffarot kúrò lọ́kàn. Bí àwọn tó ń mú àlejò rìn kiri bá gbàgbé láti sọ ọ́ fún yín, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ohun méjì sí i kí n tó dé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò fúnra rẹ̀. Ilé kan ga ju àwọn yòókù lọ, nítòsí gbàgede. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìdámẹ́wàá sí, ọkà àti wáìnì tí àwọn àgbẹ̀ kó wá fún ìjọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Dominique ni ìkejì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà Ìyípadà, ní àkókò Robespierre, ọ̀kan nínú àwọn olórí Ìyípadà náà, tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sìn tuntun rọ́pò ti Kátólíìkì, ni wọ́n kọ ọ́: àwọn ará ilẹ̀ Faransé gbà pé Ẹni Gíga Jùlọ wà, àti pé ọkàn kì í kú. Ìjọ gba ilé rẹ̀ padà, wọn kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, Ọjọ́bọ̀ ni ọjà. Ẹ má lọ ní ọjọ́ mìíràn bí ẹ bá lè yí ètò yín padà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ dé, nítorí bí ó bá ti ń di ọ̀sán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ lọ jẹun, oúnjẹ ọ̀sán wọn kò sì ṣe é fi ṣeré. Bí ẹ bá dé iwájú ìsọ̀, ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tó ń tà. Ẹ ní «bonjour, madame» tàbí «bonjour, monsieur» kí ẹ tó béèrè iye. Ẹni tó bá kàn na ọwọ́ sí ọjà tó ní «èló ni?» ti hùwà àìlẹ́kọ̀ọ́ lójú wọn, inú mi sì dùn púpọ̀ láti bá irú ìwà yìí pàdé ní ilẹ̀ òyìnbó. Ẹ má fọwọ́ tẹ èso. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, ọlọ́jà yóò mú èyí tó máa pọ́n dé ìgbà náà fún yín. Wọn kì í ná oúnjẹ. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni.

Ẹ ó rí sitirọ́bẹ́rì nígbà ìrúwé, pẹ́pẹ́yẹ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á mọ́ sínú ọ̀rá rẹ̀, wàràkàṣì ewúrẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní cabécou, wáìnì Bergerac àti Monbazillac tó dùn bí adùn. Àsálà ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀ níbẹ̀. Láti 2002 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ àsálà Périgord, kí ẹni tó wà níbòmíràn má baà fi tà. Wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n ń dà á sí ewébẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí ní àkókò tó dára jù, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni mo ó sọ. Ní oṣù kẹjọ, èrò pọ̀, oòrùn mú, ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí á sì di wàhálà. Ní ìgbà ìwọ́wé, bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, olú tí wọ́n ń pè ní cèpe á hù nínú igbó lábẹ́ igi óákù àti châtaignier. Àwọn ará abúlé á wá a lóòórọ̀, wọ́n á kó o wá sábẹ́ àtíbàbà ní ọ̀sán, láti tà á. Ìdí rẹ̀ nípọn, ó le, orí rẹ̀ dúdú rúsúrúsú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà yóò wo ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ bóyá ó ṣì funfun. Bí ó bá ti di àwọ̀ ewé, ó ti dàgbà. Yóò gé ìdí rẹ̀ wò, kó lè mọ̀ bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ ibi tó ti rí tirẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le. Àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀ lọ tààrà sí Bergerac, láti ibẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 45 ló kù, ẹ ó sì gba Beaumont kọjá bí ẹ bá fẹ́ rí bastide mìíràn lọ́nà. Láti Paris, rélùwéè ayára-bí-àṣá yóò gbé yín dé Bordeaux láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ẹ ó tún wọ òmíràn dé Bergerac. Ẹ yá ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì ìgbèríko kò ṣe é gbára lé. Ẹ̀yin tó ń fi páálí Nàìjíríà rìnrìn àjò, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò tó o, ẹ ní láti gba físà Schengen. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ gun ọkọ̀ dé Biron, kò jìnnà rárá. Ibẹ̀ ni ìdílé Gontaut tó bá ọba pín ọjà wà láyé ìgbà náà. Ọ̀kan nínú wọn, Charles, jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba Henri Kẹrin débi pé ọba sọ ọ́ di olóyè gíga ní 1598. Ní 1602, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Paris, nítorí ó bá ọ̀tá gbìmọ̀.

Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, arákùnrin kan béèrè bóyá ọjà náà ṣì jẹ́ ọjà, àbí nǹkan tí wọ́n tò kalẹ̀ fún àlejò láti wò ni. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ra ilé sí Dordogne pọ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó wà lábẹ́ cornières sì ń ta ohun tí àgbẹ̀ kò ní rà láéláé. Ìdáhùn mi ni pé kó yẹ ọjà wò nígbà òtútù, tí àlejò ti lọ. Yóò kéré, ṣùgbọ́n àwọn tó bá wà níbẹ̀ wá ra ohun tí wọ́n ó sè lálẹ́ ọjọ́ náà ni.

Ìyá kan ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun lè kó bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Olú gbígbẹ àti òróró àsálà kò ní wàhálà. Wàràkàṣì àti ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè láti oṣù kẹrin 2025, nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn, nítorí náà kó wo òfin tó wà nílẹ̀ kó tó gbéra. Mo sọ fún un pé kó ra cabécou lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó ra búrẹ́dì, kó jókòó sábẹ́ cornières, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀.